Bí Ẹ Ṣe Lè So Sípíkà Sítúdíò Mọ́ Kọ̀ǹpútà Ilé

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé sípíkà sítúdíò méjì sórí tábìlì kọ̀ǹpútà mi, mo fi orin kan tí mo mọ̀ bí ẹní mowó dán an wò. Gìtá ń dún, ègbè ń ti ọ̀nà jíjìn wá bí ẹni ń kọrin nínú àmù, ṣùgbọ́n olórin gan-an ti pòórá. Mo tú wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́, pàbó ló ń já sí. Mo ti ń wá páálí rẹ̀ kiri kí n lè dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi kí n tó mọ̀ pé sípíkà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wáyà tí mo fi sí i wọ ihò rẹ̀ rẹ́gí, kò lọ́, kò yẹ̀, àmọ́ wáyà ihò yẹn kọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, ohun tó wọ ihò kọ́ ló bá ihò mu. Àìmọ ìyẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn náwó sórí ohun tí wọn ò nílò.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá sípíkà sítúdíò tiẹ̀ dára fún ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ orin, kó wo fíìmù, kó sì gbọ́ ìròyìn. Ó dára. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ẹni tó ṣe é ò fi báàsì kún báàsì kó lè wu etí. Bí wọ́n bá ṣe gba orin náà sílẹ̀ ló ṣe máa sọ ọ́. Orin tí wọ́n gbà dáadáa á dùn dọ́ba, èyí tí wọ́n fún pọ̀ títí ó fi gbẹ á tú ara rẹ̀ fó. Ààlà tó wà láàárín sípíkà ilé àti ti sítúdíò ò sì ga tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ. Yamaha NS-10 tó jáde ní 1978, sípíkà ilé ni wọ́n ṣe é. Àwọn tó ń po orin pọ̀ ló gbé e wọ sítúdíò, ó sì gba orí tábìlì wọn kan káàkiri ayé títí wọ́n fi dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2001. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń lẹ bébà ìnùdí mọ́ iwájú twítà rẹ̀, ìyẹn ẹnu kékeré tó ń gbé ohùn tínínrín jáde, torí pé ó ń gún wọn létí. Bí sípíkà ilé bá lè di ọ̀gá ní sítúdíò, kí ló ní kí ti sítúdíò má wá jókòó nílé?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ẹ̀yìn sípíkà

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ yí ẹ̀yìn sípíkà síwájú, kí ẹ sì fi fóònù yà á, torí tí ẹ bá ti gbé e sídìí ògiri tán, kò ní wù yín láti máa bẹ̀rẹ̀ yọjú wò ó mọ́.

Ibi tí wáyà iná ń wọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ jù lọ sípíkà sítúdíò òde òní ló ní áńpílífáyà nínú ara rẹ̀, torí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mu iná tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń gba wáyà ohùn tirẹ̀. Sípíkà méjì, wáyà iná méjì, ẹnu wáyà ohùn méjì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé áńpílífáyà inú ọ̀kan ló ń bọ́ ìkejì. Ara ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa rí ihò iná, wáyà kan á sì ti ara rẹ̀ lọ sára ẹnìkejì rẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú wáyà pupa àti dúdú nìkan lẹ rí lẹ́yìn méjèèjì, tí kò sí ti iná rárá, ẹ máa nílò áńpílífáyà lọ́tọ̀, torí ohùn tó ń jáde lára kọ̀ǹpútà ò lágbára tó láti mi irú sípíkà bẹ́ẹ̀. Onáńpílífáyà nínú ni mò ń bá lọ níbí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ihò ohùn. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀. XLR rí roboto, ó sì ní ihò kéékèèké mẹ́ta nínú. Jáàkì ńlá jẹ́ mílímítà 6.35, irú èyí tí wọ́n ń ki wáyà gìtá bọ̀. RCA kéré, ó yọ orí síta díẹ̀, àwọ̀ pupa tàbí funfun ló sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Àwọn sípíkà kan da XLR àti jáàkì ńlá pọ̀ sójú kan: jáàkì ń wọ àárín gbùngbùn, XLR ń wọ etí rẹ̀ yípo. Tí ẹ bá rí RCA lára tiyín, inú yín lè dùn, òun ni wàhálà rẹ̀ kéré jù nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ara kọ̀ǹpútà

Èyí ò pẹ́. Ihò hẹ́ẹ́dìfóònù mílímítà 3.5 ló wọ́pọ̀ jù. Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dúró sójú kan, àwọ̀ ewé ló sábà máa ń ní. Èyí tó ní àwọ̀ pínǹkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti máíkì ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn rẹ̀ ni USB. HDMI wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ohùn tó ń gbà á kọjá ṣì wà ní nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ sípíkà sítúdíò ni kò sì mọ bí a ṣe ń ka irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wáyà

Ibí ni orin mi ti sọnù, torí náà ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ balẹ̀.

Ẹ mú wáyà hẹ́ẹ́dìfóònù èyíkéyìí, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí òrùka dúdú tín-ín-rín tó pín irin rẹ̀ sí ọ̀nà. Òrùka dúdú kan pín in sí méjì, òrùka méjì pín in sí mẹ́ta, òrùka mẹ́ta pín in sí mẹ́rin. Òrùka mẹ́ta ni ti hẹ́ẹ́dìfóònù tó ní máíkì. Òrùka méjì ni ti ohùn ọ̀tún àti òsì: ṣóńṣó orí ń gbé òsì, àárín ń gbé ọ̀tún, ìdí rẹ̀ sì ni ọ̀nà àbọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń lò.

Jáàkì ńlá tó ní òrùka méjì náà wà, ihò ẹ̀yìn sípíkà yín sì ń gbà á. Àmọ́ ohun tí ihò yẹn ń retí yàtọ̀ pátápátá. Ihò bálánsì ni wọ́n ń pè é. Ohùn kan ṣoṣo ló ń retí, tí wọ́n gbé wá lẹ́ẹ̀mejì: ṣóńṣó orí gbé e bó ṣe wà, àárín gbé e ní òdìkejì, bí ìgbà tí ẹ bá dojú aṣọ dé. Nígbà tí méjèèjì bá dé inú sípíkà, yóò yọ ti àárín kúrò nínú ti ṣóńṣó. Bí wáyà bá ti ṣa ariwo iná mọ́ra lójú ọ̀nà, ariwo náà á ti wọ ọ̀nà méjèèjì ní ọgbọọgba, tí a bá sì yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì, ariwo á di òfo. Ohùn tó wá ní òdìkejì ní tirẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ọgbọ́n yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n lè na wáyà gígùn gbọọrọ ní sítúdíò tí kò sì ní kùn.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí mo ṣe. Mo mú wáyà olórùka méjì kan, mo ki ẹnu kékeré bọ kọ̀ǹpútà, mo ki ẹnu ńlá bọ sípíkà. Ohun tí kọ̀ǹpútà gbé lé ṣóńṣó ni ohùn òsì, ohun tó gbé lé àárín ni ohùn ọ̀tún. Sípíkà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an: ó yọ ọ̀tún kúrò nínú òsì. Gbogbo ohun tó bá sì dọ́gba ní òsì àti ọ̀tún ló pa rẹ́. Nínú orin, kí ló máa ń dọ́gba bẹ́ẹ̀? Ohùn olórin, báàsì àti ìlù ńlá, torí àárín ni wọ́n máa ń fi wọ́n sí. Ohun tó ṣẹ́ kù fún mi ni ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: gìtá, ègbè àti gbohùngbohùn yàrá. Bí ẹ bá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ láé, ẹ má wá alátùn-únṣe kiri. Ẹ pààrọ̀ wáyà.

Wáyà tó yẹ kí n lò ni èyí tó ya ẹnu méjì. Apá kan rẹ̀ jẹ́ jáàkì kékeré olórùka méjì, èyí tó ń lọ sára kọ̀ǹpútà. Apá kejì pín sí ẹsẹ̀ méjì, òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ jáàkì ńlá olórùka kan. Tí jáàkì olórùka kan bá wọ ihò bálánsì, irin ìdí rẹ̀ á fa àárín ihò náà mọ́ ọ̀nà àbọ̀, torí náà kò sí ohun tí sípíkà máa rí yọ kúrò. Ohùn á wọlé bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ RCA ni sípíkà yín ní, ẹ ra èyí tí ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ jẹ́ RCA. Tó bá jẹ́ XLR nìkan ni, ẹ ra èyí tí ẹsẹ̀ méjèèjì jẹ́ XLR oníka, ìyẹn èyí tí irin mẹ́ta yọ síta nínú rẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n ṣe é láti ti ara ohùn ọ̀tún àti òsì pín sí méjì. Àdápítọ̀ tó kàn yí jáàkì kékeré kan padà sí XLR kan á tún gbé yín padà sí wàhálà tèmi.

Kìlọ̀kìlọ̀ kan tí kò gba àlàyé púpọ̀: ẹ má fi jáàkì olórùka kan ṣoṣo sínú ihò hẹ́ẹ́dìfóònù kọ̀ǹpútà. Á so ohùn ọ̀tún mọ́ ọ̀nà àbọ̀, ìyẹn ò sì dára fún kọ̀ǹpútà.

Gígùn ńkọ́? Irú wáyà tó ń ya méjì yìí kì í ṣe bálánsì, kò ní ọgbọ́n tó fi ń lé ariwo. Mítà méjì tó fún tábìlì. Ẹ má rà á ní mítà mẹ́wàá torí pé ẹ rò pé ó lè wúlò lọ́jọ́ kan. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi góòlù ẹnu rẹ̀ gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín. Ní mítà méjì, wáyà tí wọ́n jó dáadáa lẹ́nu tó.

Ọ̀nà kejì: ìńtàféèsì

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí pátápátá lè fi ìńtàféèsì sáàárín. Àpótí kékeré kan ni, USB ni wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, òun ló sì ń sọ nọ́ńbà di ohùn dípò ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣe é fún àwọn tó ń gba orin sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ orin á jàǹfààní mẹ́ta níbẹ̀. Ó ní kókó ńlá tí ẹ lè fi ọwọ́ yí ohùn sókè sódò láìwá àmì rẹ̀ kiri lójú kọ̀ǹpútà. Ohùn rẹ̀ kì í jáde láti àárín àwọn ẹ̀rọ tó ń pariwo nínú kọ̀ǹpútà. Ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ bálánsì tòótọ́, ìyẹn ni pé jáàkì ńlá olórùka méjì tí mo ṣì lò lójọ́sí, ibí ni ilé rẹ̀. Ẹ ra méjì: ọ̀kan láti ihò òsì lọ sí sípíkà òsì, ọ̀kan láti ihò ọ̀tún lọ sí sípíkà ọ̀tún. Tó bá jẹ́ XLR ni sípíkà ní, ẹ ra wáyà tó jẹ́ jáàkì olórùka méjì lápá kan, XLR oníka lápá kejì.

Kò pọn dandan kó ní ihò máíkì mẹ́jọ. Èyí tó kéré jù tó ní ihò ìjáde méjì tó fún gbígbọ́ orin. Ojú tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fi wáyà tó ń ya méjì gbọ́ orin fún ọ̀sẹ̀ kan ná. Bí ẹ ò bá gbọ́ ariwo kankan, owó ìńtàféèsì yẹn lè dúró sápò yín.

Àwọn sípíkà sítúdíò kan ti ní USB tàbí Bluetooth nínú ara wọn báyìí. USB wọn dára, ẹ kàn so ó. Bluetooth dára fún orin, àmọ́ nígbà tí ẹ bá ń wo fíìmù, ẹnu lè máa ṣí kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí sípíkà máa jókòó

Ẹ wá àyè fún wọn kí ẹ tó so wáyà, torí ibi tí wọ́n bá wà ló máa sọ bí wáyà ṣe máa gùn tó. Ká sọ tòótọ́, ìgbésẹ̀ yìí ló ń yí ohùn padà jù, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ fojú inú wo igun mẹ́ta kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Sípíkà méjì wà ní igun méjì, orí yín wà ní igun kẹta. Bí sípíkà méjèèjì bá jìnnà síra wọn ní mítà kan, kí ẹ̀yin náà jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà kan. Ẹ yí ojú wọn wá sọ́dọ̀ yín. Twítà gbọ́dọ̀ wà ní ìdọ́gba pẹ̀lú etí yín, torí ohùn tínínrín kì í fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà: ẹni tí twítà ń wò láyà kì í gbọ́ ohun tí ẹni tó ń wò lójú ń gbọ́. Bí tábìlì bá kéré ní gíga, ẹ fi nǹkan tó wúwo gbé wọn sókè tàbí kí ẹ gbé iwájú wọn sókè díẹ̀ kí wọ́n lè máa wò yín lójú. Fóómù líle lábẹ́ wọn kò ní jẹ́ kí tábìlì bá wọn jó sí báàsì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lórí ìdí wọn. Mo mọ̀ pé a máa ń rí èyí tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n àyàfi tí ẹni tó ṣe é bá sọ pé kó sùn, ìdúró ló bá a mu.

Ògiri ni ọ̀tá báàsì tó mọ́. Bí sípíkà bá ṣe ń sún mọ́ ọn ni báàsì ń wú sí i. Tó bá wọ igun ilé, tí ògiri méjì gbá a mú, báàsì á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fà á kúrò lára ògiri níwọ̀n tí tábìlì bá gbà, pàápàá tí ihò èémí rẹ̀, ìyẹn ihò tí afẹ́fẹ́ báàsì ń gbà jáde, bá wà lẹ́yìn. Bí àyè ò bá sí, ẹ padà sí fọ́tò ẹ̀yìn sípíkà tí ẹ yà. Ọ̀pọ̀ wọn ní bọ́tìnnì kékeré tó ń dín báàsì kù ní dB 2, 4 tàbí 6 (dB ni wọ́n fi ń wọn agbára ohùn). Torí ẹni tó sún mọ́ ògiri gan-an ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Ohun tí ẹ bá ṣe fún òsì, ẹ ṣe é fún ọ̀tún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ so ó

Kí gbogbo ẹ̀rọ wà ní pípa. Ẹ yí kókó ẹ̀yìn sípíkà méjèèjì wá sílẹ̀ pátápátá. Ẹ so wáyà ohùn, òsì sí òsì, ọ̀tún sí ọ̀tún. Ẹ so wáyà iná kẹ́yìn, kí kọ̀ǹpútà, ìńtàféèsì àti sípíkà méjèèjì sì jọ mu iná láti ara ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kan náà. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ tí a bá dé ọ̀rọ̀ kíkùn.

Nígbà títàn, kọ̀ǹpútà ló ń ṣíwájú, ìńtàféèsì tẹ̀ lé e, sípíkà ló ń kẹ́yìn. Nígbà pípa, sípíkà ló ń kọ́kọ́ kú. Bí ẹ bá yí i padà, ẹ ó gbọ́ “gbìì!” kan tó lè mú yín ta gìrì, kò sì dára fún wúfà, ìyẹn ẹnu ńlá tó ń gbé báàsì jáde, àti twítà pé kí wọ́n máa jẹ irú ìkúùkù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Bọ́tìnnì mìíràn tún lè wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ −10 àti +4 sí. Agbára ohùn tí sípíkà ń retí ni. Ohun èlò ilé ń fi nǹkan bíi fóòtì (volt) 0.3 ránṣẹ́, ti sítúdíò ń fi nǹkan bíi 1.2 ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ ihò hẹ́ẹ́dìfóònù lẹ so ó mọ́, ẹ fi sí −10. Bó bá jẹ́ ìńtàféèsì, ẹ fi sí +4.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà

Lórí Windows, ẹ wọ Settings, kí ẹ lọ sí System, lẹ́yìn náà Sound, kí ẹ sì mú ibi tí ohùn máa gbà jáde. Ẹ ṣí ojú ewé ohun èlò náà, kí ẹ pa gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ enhancements, kí ẹ sì pa spatial sound pẹ̀lú. Wọ́n ṣe wọ́n láti bo àléébù sípíkà kékeré inú làpútọ́ọ̀pù. Lórí sípíkà sítúdíò, ńṣe ni wọ́n ń da ata sínú omi mímu. Lórí Mac, System Settings, Sound, Output. Lórí Linux, ojú ewé Sound nínú Settings tó, ẹni tó bá sì fẹ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò dáadáa lè lo pavucontrol, ètò kan tó ń darí ohùn. Ìńtàféèsì míì lè béèrè pé kí ẹ kọ́kọ́ fi ètò tó ń darí rẹ̀ sórí Windows.

Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń yan 44.1 kHz, 48 kHz àti àwọn nọ́ńbà tó ga ju ìyẹn lọ, ìyẹn iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 44.1 ni ti orin orí CD, 48 ló wọ́pọ̀ nínú fíìmù àti fídíò. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ẹ fi sí 24 bit, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tí 192 kHz fi kún adùn orin rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwọ̀n ohùn, àti ìdánwò

Ẹ gbé ohùn kọ̀ǹpútà sókè dé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Tí ìńtàféèsì bá wà, ẹ yí kókó rẹ̀ dé àárín. Ẹ ti orin tí ẹ mọ̀ dáadáa sí i, kí ẹ wá máa yí kókó ẹ̀yìn sípíkà sókè díẹ̀díẹ̀, òsì àti ọ̀tún ní ìwọ̀n kan náà, títí ohùn á fi tó yín. Láti ìgbà náà lọ, ẹ fi ẹ̀yìn sípíkà sílẹ̀. Ara kọ̀ǹpútà tàbí ìńtàféèsì ni kí ẹ ti máa yí i. Bí ẹ bá ṣe é sódì, tí kọ̀ǹpútà ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí sípíkà wá ń pariwo gbè é, gbogbo ariwo kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà ni sípíkà máa gbé sókè mọ́ orin.

Sípíkà wọ̀nyí kì í tètè ya ohùn, torí náà èèyàn lè máa gbọ́ ọ sókè gan-an láìfura. Ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà ni dB 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá di dB 90, wákàtí mẹ́rin péré ló kù. Bí ẹ bá ní láti gbé ohùn sókè kí ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó tó gbọ́ yín, orin ti pọ̀ jù.

Fún ìdánwò, ẹ kọ́kọ́ wá fídíò tó ń pe òsì àti ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i pé wọn ò gba ipò ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá fídíò ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹ jókòó síbi igun kẹta, kí ẹ di ojú. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró láàárín sípíkà méjèèjì, níbi tí kò sí nǹkan kan, bí ẹni pé ó jókòó sẹ́yìn ojú kọ̀ǹpútà. Bó bá fì sápá kan, ẹ yẹ kókó méjèèjì wò. Bó bá ń fò kiri tí ẹ ò mọ ibi tó wà, tàbí tó jìn bí ẹni wà nínú kànga, ẹ padà lọ ka òrùka ẹnu wáyà yín.

Tí ó bá ń kùn

Ó ṣeé ṣe kí ohun gbogbo tọ̀nà, kí sípíkà ṣì máa kùn bí oyin. Ẹ má fòyà, ẹ wá orísun rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ yí kókó ẹ̀yìn sípíkà sílẹ̀, ẹ yọ wáyà ohùn kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá yí i padà sókè. Bó bá ṣì ń kùn láìsí wáyà, iná tàbí sípíkà fúnra rẹ̀ ni. Bó bá dákẹ́, ohun tó wà ní apá kọ̀ǹpútà ló ń rán ariwo wá, ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá nírìírí tèmi sì nìyẹn.

Kíkùn tó jinlẹ̀, tó dúró sójú kan, tó ń ṣe “hùùù”, láti ọ̀dọ̀ iná mànàmáná ló ti wá. Ó ń sáré ní 50 Hz tàbí 60 Hz, ó wà lọ́wọ́ irú iná tí ìlú yín ń lò. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé kọ̀ǹpútà àti sípíkà fara kan wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní áàtì, láti ojú iná méjì tó yàtọ̀. Wáyà ohùn wá di afárá láàárín wọn, iná díẹ̀ ń yí po lórí afárá náà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí gbogbo wọn wà lórí ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kan. Ẹni tó ń lo làpútọ́ọ̀pù lè yọ ṣájà kúrò lójijì: bí ariwo bá dákẹ́ lórí bátìrì, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Wáyà bálánsì láti ara ìńtàféèsì sábà máa ń yanjú rẹ̀. Bí kò bá yanjú, ohun èlò kékeré kan wà tó ní táńsífọ́mà nínú, tí a ń fi sójú wáyà ohùn. Ohùn á kọjá nínú rẹ̀, àmọ́ irin ò ní kan irin mọ́.

Ẹnì kan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Lóòótọ́ ni pé kíkùn náà lè dákẹ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wáyà inú sípíkà bá fara kan irin ẹ̀yìn rẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ di irin náà mú ni iná máa gbà kọjá. Ẹ má dán an wò.

Bí ariwo náà bá ń ta kẹrẹkẹrẹ, tó ń yí padà bí ẹ ṣe ń mi máòsì tàbí bí ẹ ṣe ń yí ojú ewé, inú kọ̀ǹpútà ló ti ń jò wọlé. Ihò hẹ́ẹ́dìfóònù ò ní gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Ohun èlò ìta lórí USB ni. Bó bá tún wà lórí USB, ẹ gbé e lọ sí ihò USB mìíràn, kí wáyà ohùn má sì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná.

“Ṣììì” kékeré tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá gbé etí sún mọ́ twítà kì í ṣe àléébù, áńpílífáyà inú rẹ̀ ló ń mí. Tó bá ń dé ọ̀dọ̀ yín níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ rẹ kókó ẹ̀yìn sípíkà sílẹ̀ kí ẹ sì gbé ti kọ̀ǹpútà sókè.

Ọ̀kan tó kù ni èyí tó máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ń gbọ́ orin jẹ́ẹ́jẹ́ lóru: sípíkà á dákẹ́ lójijì láàárín orin, tí ẹ bá gbé ohùn sókè, á tún jí. Kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sùn fúnra wọn kí wọ́n má baà jẹ iná lásán, tí ohùn bá sì kéré jù, wọ́n á rò pé kò sẹ́ni nílé. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún bọ́tìnnì tí wọ́n kọ standby sí lára, kí ẹ pa á.